Ẹgbẹ́ Tí Àwọn Ẹlẹ́wọ̀n Gbére Dá Sílẹ̀ Fúnra Wọn

Ẹ̀yin ìyàwó òrìṣà tí ẹ fẹ́ máa bá wa lọ kí àwọn ọmọ òrìṣà tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, ìtàn ni a fẹ́ kọ́kọ́ fi lé yín lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn aláàánú láti ìta, àwọn àlùfáà àti àwọn ọ̀mọ̀wé, ni wọ́n máa ń gbé ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ wọ inú ọgbà. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí a ń gbé yìí, àwọn tí ìdájọ́ wọn gùn ló dá díẹ̀ lára àwọn tó lórúkọ nínú ẹgbẹ́ wọ̀nyí sílẹ̀. Ìpè wọn ni àwọn ará ìta jẹ́.

Kì í ṣe ènìyàn díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Nígbà tí àjọ The Sentencing Project ka àwọn tó ń ṣe ẹ̀wọ̀n gbére ní ọdún 2020, tí wọ́n sì ka àwọn tí ìdájọ́ wọn gùn ju ọjọ́ orí ènìyàn lọ mọ́ wọn, wọ́n lé ní 200,000, ìyẹn ẹnì kan nínú ẹlẹ́wọ̀n méje. Ẹni tí yóò lo ọdún méjì lè máa ka oṣù lórí ìka. Ẹni tí kò ní ọjọ́ kankan láti kà, inú ọgbà yẹn ti di ilé rẹ̀, kò sì sí ẹni tí bí ilé náà ṣe rí kàn tó o.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1971, àwọn ẹlẹ́wọ̀n gba ọgbà Attica ní ìpínlẹ̀ New York. Lára ohun tí wọ́n ń bèèrè ni ìtọ́jú ìlera, oúnjẹ tó ṣeé jẹ, ẹ̀kọ́, àti òmìnira ẹ̀sìn. (Ẹ má ṣe fojú kékeré wo èyí tó kẹ́yìn yìí: òfin ọdún 2000 tó dáàbò bo ẹ̀sìn ẹlẹ́wọ̀n, tí àwọn ènìyàn wa nínú ọgbà ń gbára lé lónìí, kò ṣàdédé hù.) Ní ọjọ́ 13, ìjọba rán àwọn agbófinró wọlé pẹ̀lú ìbọn. Ẹlẹ́wọ̀n 29 àti 10 nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n mú ní ìgbèkùn ni ìbọn wọn pa.

Láàárín àwọn ọdún tó tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ yẹn ni ẹgbẹ́ kan gbilẹ̀ ní ọgbà Green Haven, ní ìpínlẹ̀ kan náà. Think Tank ni wọ́n ń pè é. Ìgbìmọ̀ àwọn onírònú ni àwa ì bá pè é. Eddie Ellis wà lára wọn. Ọmọ ẹgbẹ́ Black Panther ni. Ó wà ní Attica nígbà ìdìde náà, ó sì lo ọdún 23 lẹ́wọ̀n kí ó tó jáde. Ìwádìí ni wọ́n yàn ní iṣẹ́. Wọ́n bèèrè pé níbo ni àwọn tó kún inú ọgbà ti wá. Èsì tí wọ́n rí, tí ìwé ìròyìn New York Times gbé jáde ní 1992, ni pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo ẹlẹ́wọ̀n ìpínlẹ̀ náà ló wá láti àdúgbò méje péré ní ìlú New York. Harlem wà nínú rẹ̀, South Bronx wà nínú rẹ̀, Brownsville náà wà nínú rẹ̀. Ẹ mọ àwọn àdúgbò wọ̀nyí. Ibẹ̀ ni bàtá ti ń dún fún òrìṣà.

Ìgbìmọ̀ yìí kan náà ló ránṣẹ́ sí àwọn Quaker agbègbè wọn ní 1975. Wọ́n fẹ́ bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń kó sínú ìjà sọ̀rọ̀, wọ́n sì fẹ́ kọ́ bí a ti ń ṣe é. Ìjọ tí kì í gbé ohun ìjà ni àwọn Quaker. Wọ́n jẹ́ ìpè náà, láti ibẹ̀ sì ni Alternatives to Violence Project ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi máa ń kọ́kọ́ bèèrè, bí a bá dé ọgbà tuntun, pé ẹgbẹ́ wo ni wọ́n ti ní níbẹ̀.

Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà máa ń gbà. Àwọn ènìyàn a jókòó yípo, kò sí olùkọ́ tó dúró níwájú. Ẹlẹ́wọ̀n tó bá gba ìpele kìíní àti ìkejì lè gba ìkẹta, kí òun náà di olùdarí. Ohun tó wọ̀ wá lọ́kàn jù ni ti orúkọ. Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ yan ọ̀rọ̀ rere kan so mọ́ orúkọ rẹ̀, òun ni gbogbo ènìyàn yóò sì máa fi pè é títí wọn yóò fi túká. Ẹni tí wọ́n ti ń fi nọ́ńbà pè fún ogún ọdún, wọ́n wá ń kì í. Àwa tí a mọ bí orí ẹni ti ń wú bí a bá gbọ́ oríkì wa kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà ti dé orílẹ̀-èdè tó ju 40 lọ. Wọ́n ń lò ó ní Rwanda láàárín àwọn tó la ìpakúpa 1994 já.

Ti Rahway ní ìpínlẹ̀ New Jersey gba ibòmíràn. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n gbére ibẹ̀ dá Lifers' Group sílẹ̀ ní 1975, nígbà tó sì di 1976 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọmọ tó ti ń rú òfin ní àlejò. Wọ́n a jágbe mọ́ àwọn ọmọ náà, wọ́n a halẹ̀ mọ́ wọn, kí wọ́n lè mọ bí ẹ̀wọ̀n ti rí. Fíìmù Scared Straight! tí wọ́n ṣe nípa rẹ̀ ní 1978 gba ẹ̀bùn Oscar, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì sáré ṣe bẹ́ẹ̀. James Finckenauer, ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Rutgers, fi àwọn ọmọ tó lọ wé àwọn tí kò lọ. Nínú 100 tó lọ, nǹkan bí 41 tún rú òfin. Nínú àwọn tí kò lọ, nǹkan bí 11 ni. A kò dá àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà lẹ́bi, nítorí wọ́n ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi wúlò fún ọmọ ọlọ́mọ. Ariwo ni ayé rà lọ́wọ́ wọn. Wọn kò ra ọgbọ́n tí wọ́n fi ọdún pípẹ́ kó jọ.

Iṣẹ́ kan wà tó wù wá jù lọ nínú gbogbo rẹ̀. Ọgbà Angola ní Louisiana ni a ń sọ. Oko ẹrú ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, orúkọ ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń ṣe ẹ̀wọ̀n gbére níbẹ̀ mọ̀ pé ibẹ̀ ni àwọn yóò kú sí. Ní 1998, wọ́n ṣí ibi ìtọ́jú fún àwọn tí àìsàn wọn kò gbóògùn mọ́, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló sì yọ̀ǹda ara wọn láti máa tọ́jú wọn. Wọ́n ń wẹ̀ wọ́n, wọ́n ń bọ́ wọn, wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ ìdí wọn. Bí ikú bá ti sún mọ́lé, wọ́n a pín wákàtí láàárín ara wọn, kí ibùsùn náà má baà ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́sàn-án àti lóru.

Ní ilẹ̀ wa, ọmọ ló ń sin òbí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí, ìyá wọn ti kú, ọmọ wọn kò sì wá mọ́. Nítorí náà àwọn ẹlẹ́wọ̀n a rán aṣọ ìbora láti inú àwẹ́ aṣọ, wọ́n a kan pósí láti inú pákó, ẹṣin a sì fa òkú lọ sí itẹ́ inú ọgbà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa tẹ̀lé e. Nígbà tí Billy Graham, oníwàásù ńlá tó bá àwọn ààrẹ Amẹ́ríkà jẹun, kú ní 2018, inú pósí tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n Angola kàn ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Irú rẹ̀ ni wọ́n ti fi sin aya rẹ̀ ṣáájú.