Port Harcourt: Ìlú tí èédú bí, tí epo rọ̀bì sọ di ńlá, tí èéfín sì ń bá fínra

Bó o bá ti ra aṣọ òkìríkà rí, yálà n'Íbàdàn, l'Ákùúrẹ́ tàbí l'Ékòó, o ti dárúkọ àdúgbò Port Harcourt láìmọ̀. Okrika ni orúkọ ìlú etídò kan tó múlé ti Port Harcourt. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà ni pé ibẹ̀ ni ẹrù aṣọ àlòkù láti òkè òkun ti máa ń gúnlẹ̀ láyé àtijọ́, ni orúkọ ìlú bá di orúkọ aṣọ.

Bí ọ̀rọ̀ Port Harcourt náà ṣe rí nìyẹn. Ẹrù ń wọlé, ẹrù ń jáde, gbogbo Nàìjíríà ń jẹ níbẹ̀. Báwo wá ni ayé ṣe rí fún ẹni tó fi ibẹ̀ ṣe ilé?

Ta ló ni ilẹ̀?

Ṣáájú ọdún 1912, kò sí ìlú tó ń jẹ́ Port Harcourt. Oko àti ibi ìpẹja àwọn ará Diobu, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà Ikwerre, àtàwọn ará Okrika ló wà níbẹ̀.

Lọ́dún 1909, àwọn òyìnbó amúnisìn rí èédú nínú ilẹ̀ ní agbègbè Udi, nítòsí ibi tó di Enugu lónìí. Wọ́n nílò èbúté tí ọkọ̀ òkun yóò ti máa kó o, wọ́n sì yan etí odò Bonny. Lọ́dún 1913, Frederick Lugard fi orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà tó ń mójútó àwọn ilẹ̀ amúnisìn ní London, sọ ibùdó náà. Nígbà tó fi máa di ọdún 1916, ojú irin ti so ó pọ̀ mọ́ Enugu.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Àwọn ará Diobu fárígá pé ohun tí ìjọba fún àwọn kò tó nǹkan kan lára ohun tó gbà, awuyewuye náà sì fà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìlú náà ti pín sí méjì. Igi àti àyè gbẹ̀fẹ́ wà níbi tí òyìnbó ń gbé. Àwọn akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè àti oníṣòwò aláwọ̀ dúdú ń fún ara wọn mọ́ inú yàrá ní Town, nígbà tó yá, ní Diobu. Igbo ló pọ̀ jù nínú wọn, Richard Nzimiro tó jẹ́ ọmọ Oguta ló sì di olórí ìlú àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn.

Ogun dé, ilé gba olówó mìíràn

Ní ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, ọdún 1967, ìjọba Yakubu Gowon dá ìpínlẹ̀ Rivers sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n kéde Biafra. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ gba Port Harcourt. Benjamin Adekunle, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè ní Black Scorpion, ló darí wọn.

Ọ̀pọ̀ Igbo sá lọ. Nígbà tí ogun parí lọ́dún 1970 tí wọ́n padà, ẹlòmíì ló jáde láti inú ilé tí wọ́n fi òógùn ojú kọ́. Ìjọba ní ohun ìní àpatì ni. Àwọn ará Rivers náà ní ẹjọ́ tiwọn: ó pẹ́ tí àwọn ti ń ṣe àlejò lórí ilẹ̀ baba àwọn. Títí dòní, àwọn ìdílé kan kò gbàgbé.

Nínú odò, ọṣẹ ń hó síni lójú

Oṣù Kejì ọdún 1958 ni epo rọ̀bì àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà gba Port Harcourt lọ sókè òkun. Lọ́dún 1965, iléeṣẹ́ ìfọpo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Alesa-Eleme. Owó wọlé, èrò rọ́ dé. Owó ilé ga ju ohun tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lè san, ni àwọn aláìní bá ń fi ẹrẹ̀ àti pàǹtí dí etí odò láti kọ́lé sí.

Ibẹ̀ náà kò fọkàn balẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2009, ìjọba ìpínlẹ̀ wó àdúgbò etídò Njemanze, ó ní òun fẹ́ tún ìlú ṣe. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn di aláìnílé.

Wọ́n ní a kì í gbé inú odò kí ọṣẹ hó síni lójú. Ní Port Harcourt, ó ń hó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni iléeṣẹ́ ìfọpo kò fi ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, àwọn ọ̀dọ́ kan sì ń se epo nínú igbó láìgbàṣẹ, ohun tí wọ́n ń pè ní kpo fire. Láti ìparí ọdún 2016 ni àwọn ará ìlú ti ń pariwo èéfín dúdú tó ń bà lé gbogbo nǹkan. Ní oṣù Kínní ọdún 2022, gómìnà ìgbà náà, Nyesom Wike, pàṣẹ pé kí wọ́n wó àwọn ibi ìfọpo náà.

Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn kò kúrò. Bọ̀ọ̀lì tí àwa ń fi ẹ̀pà jẹ, ẹja yíyan àti ata ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́ níbẹ̀, èrò kì í sì í wọ́n nídìí ààrò. Lọ́dún 2014, UNESCO pe ìlú náà ní olú ìlú ìwé lágbàáyé.

Ní àwọn ọjọ́ tí èéfín bá le, ìyàwó ilé á fọ aṣọ tán, á wo ojú ọ̀run kó tó mọ̀ bóyá òun lè sá a síta. Ìlú tó fi orúkọ aládùúgbò rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo wa nínú aṣọ ṣì ń wá ibi tí yóò sá tirẹ̀ sí.