Ẹ̀FẸ̀ LÁÀÁRÍN OGUN: ÌTÀN ZAHHAK NÍNÚ KÁÀDÌ ÌPOLONGO TÍ KEM YÀ FÚN ILẸ̀ ÌRÁÀNÌ

Ìfáàrà

Ìwé ìtàn Ogun Àgbáyé Kejì (1939–1945) kún fún ọjọ́ ìjà, orúkọ ọ̀gágun àti iye ọmọ-ogun tí ó kú. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fò dá ni ẹ̀rín tí àwọn ìjọba fi ja ogun náà. Àwòrán ẹ̀fẹ̀ àti káàdì ìfìwéránṣẹ́, ìyẹn páálí pẹlẹbẹ tí àwòrán wà níwájú rẹ̀ tí a sì ń kọ̀wé sí ẹ̀yìn rẹ̀, jẹ́ ohun ìjà tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Lónìí, àwọn tí ń kó nǹkan àtijọ́ jọ ń wá wọn kiri, wọ́n ń rà wọ́n, wọ́n sì ń tà wọ́n fún ara wọn gẹ́gẹ́ bí ohun apanilẹ́rìn-ín. Ọ̀wọ́ kan ṣoṣo ni iṣẹ́ yìí yẹ̀ wò nínú wọn, káàdì mẹ́fà tí Kem yà fún àwọn ará Ìráànì, láti fi hàn pé ẹni tí ó kàn rẹ́rìn-ín kò tíì ka káàdì náà tán.

Ayàwòrán àti ìtàn tí ó yá lò

Kem ni orúkọ tí Kimon Evan Marengo fi ń buwọ́ lu àwòrán rẹ̀. Ìran Gíríìkì ni, a bí i ní Zifta ní ilẹ̀ Íjíbítì ní ọdún 1904, ó sì kàwé ní Paris. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀, ó yàwòrán fún Iléeṣẹ́ Ìròyìn ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. A. J. Arberry, onímọ̀ èdè Páṣíà, àti Mojtaba Minovi, ọ̀mọ̀wé ọmọ Ìráànì, wà lára àwọn tí ó lọ́wọ́ sí èrò tí ó bí káàdì mẹ́fà náà.

Inú Shahnameh, ìwé ewì gígùn tí Firdausi parí ní nǹkan bí ọdún 1010, ni wọ́n ti mú ìtàn Zahhak. Iblis, olórí àwọn ẹ̀mí búburú (kí a má ṣe pè é ní Èṣù, nítorí Èṣù òrìṣà Yorùbá kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀), para dà di alásè. Ó se oúnjẹ aládùn fún Zahhak ọba, ó sì tọrọ àyè kí òun fẹnu ko èjìká rẹ̀. Bí ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ ni ejò méjì hù jáde níbẹ̀. Bí a bá gé wọn, wọ́n á tún hù. Ọpọlọ ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ni oúnjẹ wọn lójúmọ́. Kaveh alágbẹ̀dẹ, ẹni tí ọba ti pa ọ̀pọ̀ nínú ọmọ rẹ̀, kọ̀ láti jẹ́rìí pé olódodo ni ọba. Ó fa ìwé ẹ̀rí náà ya, ó fi awọ tí ó ń so mọ́dìí kọ́ orí ọ̀kọ̀ gẹ́gẹ́ bí àsíá, ó sì kó àwọn ènìyàn lọ bá Fereydun, ẹni tí ó ṣẹ́gun Zahhak tí ó sì dè é mọ́ òkè Damavand.

Kem fi ojú Hitler sí ojú Zahhak. Goebbels, ọ̀gá ìpolongo Jámánì, ni alásè. Mussolini ti Ítálì àti Tojo ti Jàpáànì ni ejò méjèèjì. Àwọn ẹlẹ́ṣin mẹ́ta tí ó wá gba ayé là ni Churchill, Stalin àti Roosevelt. Ó ya gbogbo rẹ̀ ní ìlànà àwòrán inú ìwé àtijọ́ ilẹ̀ Páṣíà, pẹ̀lú ewì ní èdè àwọn ará ibẹ̀.

Ohun tí ẹ̀rín náà bò mọ́lẹ̀

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1941 ni ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Sófíẹ́ẹ̀tì wọ Ìráànì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orílẹ̀-èdè náà ti kéde pé òun kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Epo rọ̀bì àti ọ̀nà tí a lè gbà kó ohun ìjà lọ sí Rọ́ṣíà wà lára ohun tí wọ́n ń wá. Ní oṣù kẹsàn-án, Reza Shah fi orí oyè sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, wọ́n sì gbé e kúrò nílùú. Johannesburg ni ó kú sí ní ọdún 1944. Oúnjẹ wọ́n gógó. Ní oṣù kejìlá ọdún 1942, àwọn ará Tehran tú síta nítorí búrẹ́dì.

Níbí ni káàdì Kem ti ní ojú méjì. Àjèjì ni Zahhak nínú Shahnameh: láti ilẹ̀ Lárúbáwá ni ó ti wá jókòó sórí ìtẹ́ Ìráànì. Kem ní kí àwọn òǹwòran kórìíra àjèjì tí ó wà ní Berlin, ṣùgbọ́n àjèjì tí wọ́n ń rí lójú pópó ni àwọn ọmọ-ogun ẹlẹ́ṣin mẹ́ta náà.

Ọ̀rọ̀ Stalin tún yẹ fún àkíyèsí. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 1939, David Low ya àwòrán kan nínú ìwé ìròyìn Evening Standard ti London, níbi tí Hitler àti Stalin ti ń tẹrí ba fún ara wọn lórí òkú. Ẹlẹ́gbin ni Stalin nígbà náà. Lẹ́yìn tí Jámánì kọlu Rọ́ṣíà ní oṣù kẹfà ọdún 1941, ó di akọni orí ẹṣin. Olùkọ́ tí ó bá gbé àwòrán méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn níwájú akẹ́kọ̀ọ́ kò ní nílò àlàyé púpọ̀ lórí ohun tí ìpolongo jẹ́.

Iwájú káàdì àti ẹ̀yìn rẹ̀

Káàdì tí ó mọ́ tónítóní, tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan sí, ni ọ̀pọ̀ olùkójọ fẹ́ràn. Ohun tí òpìtàn ń wá yàtọ̀ sí èyí. Òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ a máa sọ ìlú àti ọjọ́. Ìkọ̀wé ẹ̀yìn a máa sọ bóyá ẹni tí ó fi ránṣẹ́ tilẹ̀ bìkítà nípa àwòrán iwájú. Káàdì tí a kò fi ránṣẹ́ ń jẹ́rìí sí èrò ìjọba tí ó tẹ̀ ẹ́ nìkan.

Àwọn ẹlẹ́ṣin mẹ́ta náà pàdé ní Tehran gan-an, láti ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá sí ọjọ́ 1 oṣù kejìlá ọdún 1943, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn fara mọ́ òmìnira Ìráànì. Oṣù kẹta ọdún 1946 ni ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì tó kúrò níbẹ̀ tán. Ti Sófíẹ́ẹ̀tì kò lọ títí di oṣù karùn-ún.