Ewé Tí À Ń Gbá Dànù: Ohun Tí Ayé Kọ́ Nípa Ilẹ̀ n'Ìbàdàn

Ẹ̀yìnkùlé wa ni ọ̀rọ̀ tòní ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ síbẹ̀. Òjò ńlá méjì péré rọ̀, ọ̀gbàrá gbé iyẹ̀pẹ̀ orí ebè lọ, gbòǹgbò yọ síta. Nígbà tí oòrùn padà dé, ilẹ̀ yẹn le bíi símẹ́ńtì. Mo ra ajílẹ̀ inú àpò, mo wọ́n ọn sí i. Òjò tún gbé ìyẹn náà lọ.

Bẹ́ẹ̀, láràárọ̀ ni màmá mi ń gbá ewé máńgòrò jọ, tí wọ́n á sì dáná sun ún. Wọ́n fẹ́ kí àyíká mọ́ ni. Èmi ò mọ̀ pé oúnjẹ ilẹ̀ la ń sun.

Àwọn baba wa mọ̀ pé ó máa ń rẹ ilẹ̀. Bí wọ́n bá ti dáko síbì kan fún ọdún mélòó kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó padà di igbó. Ewé á máa já bọ́, á máa jẹrà, títí ara ilẹ̀ á fi padà bọ̀ sípò. Nílé, ààtàn ńkọ́? Eérú, èèpo iṣu, ìgbẹ́ ewúrẹ́, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń lọ. Ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Ìdí nìyẹn tí tòmátò tí ẹnikẹ́ni ò gbìn fi máa ń hù níbẹ̀, tí á sì so wọ̀ǹtì-wọnti.

Ní àwọn ọdún 1920, ìjọba amúnisìn ń dán nǹkan mìíràn wò ní Moor Plantation, n'Ìbàdàn. Wọ́n gbin mucuna, ìbátan wèrèpè tí kì í yúnni lára, wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀ kó jẹrà. Ó ṣe ilẹ̀ lóore, àmọ́ àwọn àgbẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gbà á. Ta ló fẹ́ ro ilẹ̀ títí fún ohun tí kò ṣeé jẹ?

Lọ́dún 1967, wọ́n dá IITA sílẹ̀ n'Ìbàdàn. Ní 1970, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ilẹ̀ kan láti Íńdíà, Rattan Lal, dé síbẹ̀. Ó wo ohun tí òjò ń ṣe lórí ilẹ̀ onígẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó fi apá kan sílẹ̀ ní ìhòòhò, ó fi koríko gbígbẹ bo apá kejì. Èyí tó wà ní ìhòòhò, ọ̀gbàrá ń wọ́ ọ lọ. Èyí tó ní ìbora mu omi, ó sì tutù. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 4 sí 6 koríko gbígbẹ lórí hẹ́kítà kan tó láti dáàbò bo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí a bá ṣírò rẹ̀ sí ti ẹ̀yìnkùlé, kò ju gíráàmù 400 sí 600 lọ lórí mítà kan níbùú lóròó. Lal kúrò n'Ìbàdàn ní 1987. Ní 2020, wọ́n fún un ní World Food Prize.

Àwa tí a ní ebè mẹ́ta péré ò lè fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó di igbó. Ṣùgbọ́n a lè gbé ìbora igbó wá bá a. Mo bẹ màmá mi pé kí wọ́n fi ewé náà sílẹ̀ fún mi. Wọ́n ní, "Ejò tó bá sá sábẹ́ rẹ̀ ńkọ́?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bá a ṣe wá parí ẹ̀ nìyí: wọ́n ń gbá ojúde mọ́ toní-toní, àmọ́ orí ebè ni ewé ń lọ, kì í ṣe inú iná. Mi ò jẹ́ kó kan ìdí ẹ̀fọ́, kó má bàa rà.

Láàárọ̀ àná, mo gbé ewé díẹ̀ sókè. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù, ekòló méjì sì wà níbẹ̀. Mo pe màmá mi wá wò ó. Wọ́n ní, "Ó dáa, àmọ́ má gbé e wọlé o."

Ó dìgbà kan ná.