Ibùsọ̀ Mélòó ni Àkúrẹ́ sí Èkó?

Ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀ fún ará Imeri, ìlú kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, tó bá fẹ́ wọ bàálù. Ó lè gba Ọ̀wọ̀ lọ sí pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́, ó sì lè gba Ìfọ́n, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà, lọ sí ti Bìní. Lójú òfurufú, pápákọ̀ méjèèjì fi nǹkan bíi kìlómítà 108 jìnnà síra. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ka irú nǹkan báyìí nínú ìròyìn Yorùbá, "ibùsọ̀" ni wọ́n sábà máa ń pè é, ì báà jẹ́ kìlómítà, ì báà jẹ́ máìlì. Ó sú ni.

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ìrìnnà òfurufú kò ní wàhálà. Pápákọ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bàálù wá láti èdè Òyìnbó, ó ti di tiwa. Èrò ń wọlé, awakọ̀ ń gbéra, ó ń balẹ̀. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ti ojú omi bọ́ sójú irin, ó sì gòkè lọ sójú òfurufú, ìdí nìyẹn tí bàálù fi ń gúnlẹ̀ bí ọkọ̀ tó dé èbúté.

Ibùsọ̀ ló yẹ ká tú wò. "Ibù" inú ibùsùn, ibùjókòó, ibùgbé àti ibùdó náà ló wà níbẹ̀: ibi tí a ti ń ṣe nǹkan. "Sọ̀" sì ni ohun tí aláàárù ń ṣe bí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn: á sọ ẹrù náà kalẹ̀, á mumi, á sinmi. Ìbátan rẹ̀ ni sọ̀kalẹ̀. Ibi ìsinmi lójú ọ̀nà ni ibùsọ̀, kì í ṣe òṣùwọ̀n. Bí ọ̀nà bá ga, tí ẹrù sì wúwo, ibùsọ̀ á súnmọ́ra; bí ilẹ̀ bá tẹ́jú, wọ́n á jìnnà síra.

Ẹ wo ohun tí àṣìlò rẹ̀ lè dá sílẹ̀. Àkúrẹ́ sí Ìkẹjà tó kìlómítà 230 lójú òfurufú, ìyẹn bíi máìlì 143. Ẹni tó bá gbọ́ "ibùsọ̀ 143", tó wá rò pé kìlómítà ni, ó ku kìlómítà 87 kí bàálù rẹ̀ tó dé Ìkẹjà. Àwọn awakọ̀ òfurufú tún ní máìlì tiwọn, máìlì ojú òkun, tó jẹ́ mítà 1,852, nígbà tí máìlì orí ilẹ̀ jẹ́ 1,609. Ṣé ibùsọ̀ náà la ó tún pe ìyẹn?

Ẹ jẹ́ ká yá kìlómítà àti máìlì láìtijú, bí a ṣe yá bàálù. Ibùsọ̀ ní iṣẹ́ gidi tó ń dúró dè é: bí bàálù tó ń ti Èkó lọ sí London bá yà sí Àbújá kó èrò, Àbújá ni ibùsọ̀ rẹ̀.

Bí ó ṣe yẹ ká ya òṣùwọ̀n sọ́tọ̀ kúrò lára ibùsọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ ká ya oríṣi àkókò méjì sọ́tọ̀. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú máa ń ka ìṣẹ́jú láti ìgbà tí bàálù bá ti ṣí kúrò ní ìdúró rẹ̀ títí yóò fi dúró ní pápákọ̀ kejì. "Àkókò ìrìnnà" tó fún ìyẹn. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí táyà bá kúrò nílẹ̀, tó sì parí nígbà tó bá tún kan ilẹ̀, "àkókò òfurufú" ni.

Ẹ̀yin olóòtú ìròyìn àti olùkọ̀wé fún ilé-ìwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ka kìlómítà ní kìlómítà.