Ṣé òótọ́ ni pé ìjọba Amẹ́ríkà ń pín ilé lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìgbèríko? Àlàyé lórí ẹ̀yáwó ilé USDA

Bí ẹnìkan bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp pé ìjọba Amẹ́ríkà ń fún ènìyàn ní ilé lọ́fẹ̀ẹ́ bó bá ti gbà láti lọ gbé ní ìlú kékeré, ẹ má tíì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ètò kan wà lóòótọ́. Àmọ́ ẹ̀yáwó ni, ẹni tó bá sì gbà á yóò san án padà tòun tèlé.

Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ní Amẹ́ríkà, USDA, ló ń ṣe ètò náà lábẹ́ òfin ilé gbígbé ọdún 1949. Ọ̀nà méjì ló pín sí. Nínú èkínní, báǹkì ló ń yáni lówó, USDA kàn ṣe onídùúró ni. Nínú èkejì, USDA fúnra rẹ̀ ló ń yáni, àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré ló sì wà fún. Ìjọba lè bá wọn gbé díẹ̀ nínú èlé títí yóò fi wálẹ̀ dé ìdá 1 nínú 100. Tí wọ́n bá ta ilé náà lẹ́yìn náà, ìjọba lè gba ìrànwọ́ yẹn padà.

Méjèèjì kì í sábà béèrè owó tí ẹni tó ń ra ilé máa ń kọ́kọ́ kó sílẹ̀. Ó jọ pé ibí yìí ni àhesọ “ọ̀fẹ́” ti wá: wọ́n ní “láìsan kọ́bọ̀ sílẹ̀”, ẹnìkan sì gbọ́ ọ sí “láìsan kọ́bọ̀”.

Àdúgbò wo ló wà fún?

Kò pọn dandan kí ènìyàn jẹ́ àgbẹ̀. Ohun tí òfin ń wò ni bí ìlú ṣe tóbi tó. Ìlú tí olùgbé rẹ̀ kò ju 10,000 lọ, tí kò sì so mọ́ ìlú ńlá, lè wọlé. Èyí tó wà láàárín 10,000 sí 20,000 lè wọlé bó bá jìnnà sí agbègbè ìlú ńlá, tí ẹ̀yáwó ilé sì ṣòro rí níbẹ̀. Àwọn ìlú kan tí wọ́n ti kà sí ìgbèríko tẹ́lẹ̀ ṣì lè wà níbẹ̀ títí dé 35,000.

Ẹ jẹ́ ká wo Macon County ní ìpínlẹ̀ Alabama, níbi tí Yunifásítì Tuskegee wà. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2020, olùgbé gbogbo káńtì náà kò tó 20,000, ti ìlú Tuskegee kò sì tó 10,000. Ṣùgbọ́n ẹ wakọ̀ díẹ̀ dé Auburn ní Lee County tó múlé tì í, olùgbé ibẹ̀ lé ní 70,000. Auburn kò lè wọlé. Síbẹ̀, èyí kò ní kí a yọ gbogbo Lee County kúrò, torí àdírẹ́sì ilé ni wọ́n ń wò, kì í ṣe orúkọ káńtì. Ẹ lè tẹ àdírẹ́sì sínú máàpù USDA ní eligibility.sc.egov.usda.gov, ọ̀fẹ́ ni. USDA ló máa sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lẹ́yìn tí ìwé bá pé.

Owó tó ń wọlé

Ibí ló ti máa ń há fún ìdílé tó bá pọ̀. Owó gbogbo àgbàlagbà tó ń gbé inú ilé náà ni wọ́n ń kà, títí kan ìyá ìyàwó tàbí àbúrò tó ń ṣiṣẹ́, bí orúkọ wọn kò tilẹ̀ sí nínú ìwé ẹ̀yáwó. Fún ti onídùúró, àpapọ̀ náà kò gbọdọ̀ ju ìdá 115 nínú 100 agbedeméjì owó tó ń wọlé ní agbègbè náà. Fún ti tààrà, ìdá 80 ni. Iye náà ń yí láti káńtì sí káńtì, ó sì ń ga bí ará ilé bá ṣe pọ̀ tó.

Ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní green card lè béèrè. Físà àbẹ̀wò tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́ kò tó. Ẹni tó bá gba owó náà gbọ́dọ̀ máa gbé inú ilé ọ̀hún fúnra rẹ̀. Kò sí pé ẹni tó wà n'Íbàdàn ń fi ra ilé tó fẹ́ fi háyà.

Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ díẹ̀

Owó ìrànwọ́ kan wà tí a kì í san padà, àmọ́ àtúnṣe ilé ló wà fún, kì í ṣe ríra ilé. Ẹni tó ti pé ọdún 62, tó ní ilé tirẹ̀ ní ìgbèríko, tí owó tó ń wọlé fún un sì kéré gan-an, lè gbà tó 10,000 dọ́là láti fi tún ohun tó lè pa á lára nínú ilé náà ṣe. Bó bá ta ilé náà kí ọdún mẹ́ta tó pé, yóò dá owó náà padà.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní kí ẹ san “owó fọ́ọ̀mù” láti mọ̀ bóyá ẹ lè wọlé. Àdírẹ́sì ìkànnì ìjọba Amẹ́ríkà máa ń parí sí .gov. Fún ti onídùúró, báǹkì tí USDA fọwọ́ sí ni ẹ máa lọ bá. Fún ti tààrà àti ti àtúnṣe ilé, ẹ lọ sí ọ́fíìsì USDA Rural Development ní ìpínlẹ̀ tí ilé náà wà.