Òṣùká àti Ìrànwọ́ Ìgbẹ́rù

Òṣùká ni aṣọ tí wọ́n ká rìbìtì, tí wọ́n fi ń tẹ́ orí kí ẹrù má baà dunni. Kò dín ìwúwo àpò èlùbọ́ kù o. Ọrùn alábàárù Ọjà'ba ní Ìbàdàn ló ṣì ń rù ú.

Gbígbé àpò láti ilẹ̀ ló ń ba ẹ̀yìn jẹ́ jù. Ìlànà NIOSH, àjọ tó ń rí sí ààbò àti ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà (1991), kò fẹ́ kí ẹnì kan gbé ju kílò 23 lọ, bí gbogbo nǹkan bá tilẹ̀ rọgbọ. Àpò gààrí ńlá ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Pẹpẹ tó ga dé ìbàdí ni ìrànwọ́ tó rọrùn jù: láti orí rẹ̀ ni wọ́n á ti yí àpò sínú ọmọlanke.

Nítorí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Mápó tó wà nítòsí Ọjà'ba, ọmọlanke ibẹ̀ nílò bíréèkì.