Ta Ni Ó Ni Ọ̀rọ̀ Inú Ìwé? Ìkọ̀, Akọ̀wé àti Ẹ̀rọ Tí Ń Kọ̀wé ní Òkè-Ògùn



Ìtàn ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò: bí ẹnì kan bá bá ẹlòmíràn kọ̀wé, ta ni yóò dáhùn fún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀? Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2022 tí iléeṣẹ́ OpenAI ti gbé ChatGPT jáde ni ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá tí ń kọ̀wé ti wọ ọ́fíìsì ìjọba, tí ó sì ti wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kan ní kí á lé e jáde. Àwọn mìíràn ní kí á kó gbogbo iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Lójú tèmi, kò yẹ kí á ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì láì kọ́kọ́ bi ìtàn léèrè, nítorí pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọ̀nà ìkọ̀wé tuntun yóò dé bá àwọn ará Òkè-Ògùn láti ọwọ́ ìjọba.

I. Ìkọ̀ àti àrokò

Kí ìwé tó dé, àrokò ni àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́. Iye owó ẹyọ tí wọ́n sín sórí okùn, bí wọ́n ti kọjú wọn síra tàbí kọ̀yìn wọn síra, ni ó ń gbé ìtumọ̀. Ìkọ̀ lè má mọ ohun tí ó gbé dání, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba àrokò mọ ẹni tí ó fi í ránṣẹ́. Ìkọ̀ náà kò sì jẹ́ igi lásán. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ: òwe yìí fi hàn pé a ń retí làákàyè àti ìtìjú lọ́dọ̀ ẹni tí ń gbé ọ̀rọ̀ kiri. Ọ̀rọ̀ ní ẹni tí ó ni ín, ó sì ní ẹni tí ó jẹ́ ẹ.

II. Ìwé dé

Ọmọ agbègbè yìí wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ èdè Yorùbá di ìwé. Òṣogùn, tí kò jìnnà sí Ìséyìn, ni wọ́n ti kó Samuel Àjàyí Crowther lẹ́rú ní 1821. Ní 1837, láti Sierra Leone, ó kọ lẹ́tà kan tí ó fi ròyìn bí wọ́n ti mú òun. Ní 1843 ó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Orúkọ rẹ̀ wà lórí méjèèjì. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ohun tí ó kọ mọ ẹni tí òun yóò bi léèrè.

Ìwé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú wá kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú kóòtù ìbílẹ̀, ọ̀pọ̀ adájọ́ ni kò mọ̀wé. Yorùbá ni olùpẹ̀jọ́ ń sọ, akọ̀wé ni ó ń kọ ọ́ sínú ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí akọ̀wé bá sì kọ ni òyìnbó aláṣẹ yóò kà. Bí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ bá ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀, ìwé ni wọn yóò nà sí i, ìwé tí kò lè kà.

Ní 1916, nígbà tí Captain W. A. Ross jẹ́ Ajẹ́lẹ̀ ẹkùn Ọ̀yọ́, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Òkèhò àti ní Ìséyìn. Wọ́n pa ọba Òkèhò. Sọ́jà dé, wọ́n fi ipá pa ọ̀tẹ̀ náà rẹ́. Ní 1917 ni wọ́n kó àwọn ará Òkèhò kúrò ní ibùdó wọn àtijọ́ wá sí ibi tí ìlú wà títí di òní. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. A. Atanda, tí ó tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí ọ̀ràn yìí jáde ní 1969, fi yé wa pé ètò ìṣàkóso tuntun tí ó dojú àṣẹ àtijọ́ rú, kóòtù tuntun sì wà nínú rẹ̀, ni ó bí àwọn ènìyàn nínú. N kò sọ pé ìwé nìkan ni ó dá ogun sílẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí àṣẹ bá ti ibi tí a kò lè bi léèrè wá, ará ìlú a máa wá ọ̀nà mìíràn láti fèsì.

III. Òfin 1915

Ní ọdún kan ṣáájú rògbòdìyàn náà, ìjọba kan náà ṣe òfin kan tí ọ̀pọ̀ wa ti gbàgbé, èyíinì ni Òfin Ìdáàbòbò Àwọn Aláìmọ̀wé. Àwọn akọ̀wé lẹ́tà ni ó kàn, àwọn tí ń gbowó láti bá ará oko kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, ìwé ilẹ̀ àti ìwé gbèsè. Òfin náà ní kí akọ̀wé ka ìwé sétígbọ̀ọ́ ẹni tí ó rán an níṣẹ́, kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un, kí onítọ̀hún tó tọwọ́ bọ̀ ọ́ tàbí kí ó tó tẹ̀ka sí i. Ó tún ní kí akọ̀wé kọ orúkọ ara rẹ̀ ní kíkún, pẹ̀lú ibi tí ó ń gbé, sórí ìwé náà. Orúkọ tí ó kọ yìí ni ẹ̀rí pé ohun tí wọ́n rán an ni ó kọ. Títí di òní ni àwọn ilé ẹjọ́ wa ṣì ń tọ́ka sí òfin yìí nínú ẹjọ́ ilẹ̀ àti ti gbèsè.

Ẹ ṣàkíyèsí pé òfin náà kò lé akọ̀wé lẹ́tà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní kí ó kà á, kí ó ṣàlàyé rẹ̀, kí ó sì fi orúkọ sí i.

IV. Ẹ̀rọ akọ̀wé

Ìwé tí kò lóǹkà ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ yìí. Láti inú wọn ni ó ti mọ ọ̀rọ̀ tí ó sábà máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Bí a bá bi í ní ìbéèrè, ohun tí ó jọ ìdáhùn ni ó ń hun jáde, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn. Níbi tí ìwé bá ti pọ̀, òótọ́ ni ó sábà máa ń bọ́ sí. Níbi tí ìwé kò bá ti pọ̀, kì í sábà dákẹ́. A máa fi ohun tí ó jọ òótọ́ dí àlàfo. Ìwé lórí Ìgànná tàbí Ìgbòho kò sì pọ̀ nínú ohun tí ó kà.

Orúkọ agbègbè wa pàápàá jẹ́ àpẹẹrẹ. Odò Ògùn ni a fi ń pè é ní Òkè-Ògùn. Bí a bá yọ àmì ohùn kúrò, ọ̀rọ̀ náà lè di ogun tí a ń jà, ó lè di ogún tí a ń jẹ, ó sì lè di Ògún òrìṣà. Púpọ̀ nínú Yorùbá tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kò ní àmì ohùn. Nítorí náà, ó dára bí ìjọba àpapọ̀ ti gbé N-ATLAS jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ẹ̀rọ tí a kọ́ ní Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti Gẹ̀ẹ́sì bí a ti ń sọ ọ́ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ gbọ́ èdè wa kò túmọ̀ sí pé yóò dáhùn fún ohun tí ó bá sọ.

Àwọn tí ó ní ìwé jù wá lọ pàápàá ti kàgbákò. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, adájọ́ kan ní New York ní kí agbẹjọ́rò méjì àti iléeṣẹ́ wọn san 5,000 dọ́là owó ìtanràn, nítorí pé wọ́n kó ẹjọ́ tí kò ṣẹlẹ̀ rí, tí ẹ̀rọ hun fún wọn, wá sí kóòtù. Ní 2025, iléeṣẹ́ Deloitte gbà láti dá apá kan owó padà fún ìjọba Australia lórí ìròyìn kan tí wọ́n gbà ní nǹkan bí 440,000 dọ́là ilẹ̀ náà. Ẹ̀rọ irú èyí wà lára ohun tí wọ́n lò, wọ́n sì bá ìwé ìtọ́kasí tí kò sí níbikíbi nínú rẹ̀. Ní ibi méjèèjì, orúkọ ènìyàn àti ti iléeṣẹ́ wà lórí ìwé náà. Ìdí nìyẹn tí a fi rí ẹni tí a bá wí.

V. Ohun tí ó yẹ kí á ṣe

Ní 1915, àgbẹ̀ ni aláìmọ̀wé. Lónìí, àwa tí a ní oyè púpọ̀ lórí ti di aláìmọ̀wé níwájú ẹ̀rọ yìí, nítorí pé a kò rí inú rẹ̀. Nítorí náà, mo dábàá pé kí á mú ohun tí òfin àtijọ́ náà bèèrè wá sí ọ̀dọ̀ ara wa.

Ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, yálà ní Ṣakí tàbí ní Ìséyìn, bí ẹ̀rọ bá bá òṣìṣẹ́ kọ lẹ́tà tí ó kan ilẹ̀, owó orí tàbí iṣẹ́ ènìyàn, kí òṣìṣẹ́ náà kà á tán. Kí ó lè ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá fún ẹni tí ó kàn. Kí ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, kì í ṣe òǹtẹ̀ ọ́fíìsì nìkan. Àwọn kan yóò ní èyí yóò fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Akọ̀wé lẹ́tà tí ń gba kọ́bọ̀ díẹ̀ ni òfin rọ ẹrù yìí lé lórí nígbà náà. Ìjọba tí kò ráyè ka ìwé tí òun fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́ kò gbọdọ̀ retí pé kí ará ìlú pa á mọ́.

Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ìbáà ṣe níbí, ìbáà ṣe ní Pólì Òkè-Ògùn ní Ṣakí tàbí ní ọgbà LAUTECH ní Ìséyìn, kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ibi tí ó ti lo ẹ̀rọ, kí ó sì lè dìde dúró ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu. Bí ó bá kọ oríkì tàbí ìtàn ìlú kan, kí á mọ ẹni tí ó ti ẹnu rẹ̀ gbọ́ ọ. Oríkì tí ẹ̀rọ hun fún ìdílé tí kò mọ̀ yóò dùn létí. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ̀rọ mìíràn yóò tún kà á, yóò sì di ìtàn. Àwọn ọmọ ìdílé náà yóò wá máa jiyàn pẹ̀lú ìwé nípa baba tiwọn.

Àwa olùkọ́ náà ní tiwa. A kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ mìíràn dá akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bi pé ẹ̀rọ ni ó bá a kọ̀wé. Ìwádìí kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé Stanford tẹ̀ jáde ní 2023 lo àròkọ 91 láti ọwọ́ àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn. Ní ìpíndọ́gba, àwọn ẹ̀rọ aṣàwárí ka ohun tí ó ju ìdajì wọn lọ sí iṣẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiwa gan-an ni irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ yóò bá. Ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ ni kí á ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ lè bá wa kọ̀wé. Kò lè tijú, kò lè wá jẹ́rìí ní kóòtù, a kò sì lè ránṣẹ́ pè é kí ó wá wí tẹnu rẹ̀ níwájú àwọn àgbà. Ìwé tí kò bá ní ènìyàn tí yóò ṣe gbogbo ìwọ̀nyí nítorí rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó ti ọ́fíìsì wa tàbí yunifásítì wa jáde.